KVM ń dá VM mi dúró pẹ̀lú «emulation failure»: ṣé ó lè fo àṣẹ tí kò mọ̀?

Ọmọ_Ajílété:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, ní agbègbè Under G, ni mo ti ń kọ kernel kékeré kan (ọkàn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà) fún iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Ó ti wọ ipò 64-bit, mo ti tan AVX (àwọn àṣẹ CPU tí ń kó data púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) nínú rẹ́jísítà XCR0, mo sì ń fi QEMU, ètò tí ń ṣe àfarawé kọ̀ǹpútà (VM), dán an wò pẹ̀lú -accel kvm (KVM ni apá Linux tí ń jẹ́ kí CPU gidi ṣiṣẹ́ fún VM) àti -cpu host. Gbàrà tí ó bá fẹ́ nu ojú ìbòjú, ní àdírẹ́sì 0xB8000, VM náà á dúró gbagidi, QEMU á sì kọ «KVM internal error. Suberror: 1» àti «emulation failure». Ohun tí mo rí nínú ìlà Code ni <c5> fe 7f 07, rẹ́jísítà RDI sì jẹ́ b8000. Ohun tí ó rú mi lójú ni pé irú àṣẹ yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbòmíràn nínú mẹ́mórì, àti pé bí mo bá lo -accel tcg (níbi tí QEMU fúnra rẹ̀ ti ń ṣe àfarawé CPU láìsí KVM) pẹ̀lú -cpu max, kò sí wàhálà. Ṣé kò sí bí a ṣe lè ní kí KVM fo àṣẹ tí kò bá mọ̀, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ?

Àgbà_Akẹ̀sán:

Àbúrò, o káre tí o kọ ìlà Code wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í kọ «VM mi ti kú» lásán, tí a ó wá máa méfò. vmovdqu ni báìtì mẹ́rin yẹn, ó ń kó báìtì 32 láti inú ymm0, rẹ́jísítà AVX, lọ sí ibi tí RDI ń tọ́ka sí. Nínú mẹ́mórì gidi, CPU fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é, KVM kì í dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbòjú bá wà ní ipò ọ̀rọ̀, VGA (káàdì ìbòjú) tí QEMU ń ṣe àfarawé rẹ̀ ni ó ni 0xB8000. CPU á jáde kúrò nínú VM, á sọ fún KVM pé ẹnìkan fọwọ́ kan àdírẹ́sì yìí, kò sì ní sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ kọ síbẹ̀. KVM ni yóò lọ ka báìtì àṣẹ náà, èyí tí kì í ju 15 lọ, tí yóò tú u, tí yóò sì gbé data rẹ̀ fún QEMU. Inú arch/x86/kvm/emulate.c ni ó ti ń ṣe èyí. Ó mọ àwọn mov tí a ń lò lójoojúmọ́ àti díẹ̀ nínú ti SSE, tí ó ṣáájú AVX, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ kernel tí àwọn ènìyàn ń lò, kò mọ ti AVX.

Ó dá mi lójú pé ìwọ kọ́ ni o fọwọ́ kọ àṣẹ yẹn. Bí o bá lo -O3 pẹ̀lú -march=native, compiler ni ó sọ lúùpù rẹ di AVX. Fi volatile sí pointer tí o fi ń kọ sí ìbòjú, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá_Linux:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Lójú tèmi, volatile nìkan kò tó, nítorí pointer mìíràn tí ó gbàgbé rẹ̀ yóò tún dá wàhálà kan náà sílẹ̀. Kí ó fi -mgeneral-regs-only, tí kì í jẹ́ kí compiler lo AVX rárá, kọ kernel náà látòkèdélẹ̀.

Ní ti fífo àṣẹ, ó léwu ju kí VM dúró lọ. Báìtì 32 kò ní dé ibi tí ó ń lọ, kernel yóò sì gbà pé wọ́n ti dé. Bí ó bá jẹ́ díìsìkì ni a ń bá sọ̀rọ̀, data ẹlòmíràn lè bàjẹ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìdí nìyí tí KVM fi ń wo ipò tí kóòdù náà wà: bí ó bá jẹ́ ètò oníṣe ní ring 3 (ipò tí agbára rẹ̀ kéré jù), á ju #UD (àṣìṣe «àṣẹ tí a kò mọ̀») sí i, kernel inú VM á sì pa ètò yẹn nìkan, bí ó bá jẹ́ ring 0 (ipò kernel), á dá VM dúró, á sì fa ọ̀ràn náà lé QEMU lọ́wọ́. Láti Linux 5.14, KVM_CAP_EXIT_ON_EMULATION_FAILURE wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí gbogbo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ QEMU.

Àgbà_Akẹ̀sán:

Mo gbà pẹ̀lú yín, ìyá. Kí àwọn tí ń lo tòkunbọ̀ Core 2 Duo má ṣe rò pé AVX ni tiwọn o: CPU wọn kò ní unrestricted guest (agbára láti ṣe real mode, ipò 16-bit àtijọ́, nínú VM), nítorí náà KVM lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ tú kóòdù real mode. Ẹ wo /sys/module/kvm_intel/parameters/unrestricted_guest. Bí N bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ajílété:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi -mgeneral-regs-only kọ ọ́, ìbòjú sì mọ́ fefe. objdump -d, tí ń tú fáìlì sí àwọn àṣẹ rẹ̀, kò fi ymm kankan hàn mọ́ nínú fáìlì náà.