Bàbá mi ń kọ orin ìjọ láì ṣì í, ṣùgbọ́n kò lè pe orúkọ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá, nítorí pé ó ti sú mi, ó sì ti di ìjà láàárín àwa ọmọ. Olùkọ́ ni bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbọ́ Yàgbà, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n lè fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí iyán tó tutù. Èmi nìkan ni mò ń gbé pẹ̀lú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Àbújá, orí fóònù ni ó ti ń pàṣẹ. Àbúrò mi obìnrin wà ní Lọ́kọ́ja, Ọdún Àjíǹde ni a ti rí i kẹ́yìn. Èmi ni mò ń sè, èmi ni mò ń fọ̀, èmi náà ni mo kó alágbàṣe lọ ṣa kajú ọdún yìí, kò sì sí ẹni tí ó bi mí pé kí ni mo fi san owó wọn.

Láti bí oṣù mẹ́ta ni bàbá ti ń pe ife omi ní bàtà, tí wọ́n sì ń pe èmi ní orúkọ ìyá wọn tí ó ti kú. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, wọn yóò ní, "Ìyẹn, ìyẹn, ìyẹn," wọn yóò sì bínú. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé bí ìjọ bá gbé orin lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá yóò kọ ọ́ délẹ̀, wọn yóò sì ka Àdúrà Olúwa parí. Ẹni tí ó lè ṣe èyí, kí ni kò jẹ́ kí ó pe orúkọ mi? Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, pé inú ń bí wọn sí mi. Kí ni mo fi ṣẹ bàbá mi?

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà:
Ọmọ mi, ìwọ ni mo bá wí. Bàbá rẹ ti dàgbà, o sì ń ka iye aṣọ tí o fọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ti ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀: wọ́n á gbàgbé ìkòkò lórí iná, wọ́n á bèèrè ohun kan náà nígbà mẹ́wàá, títí wọn kò fi mọ ilé mọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú wọn. Sùúrù ni.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ àbí lójijì? Ṣé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan rọ? Ṣé bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé wọ́n máa ń húkọ́ bí wọ́n bá ń mu omi?

Alàgbà, Ìyàrà:
Kí a má fi ọ̀rọ̀ oyìnbó bo ohun tí ojú rí. Ẹni tí ó ń ka Àdúrà Olúwa, ẹ̀mí rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànwọ́. Ẹ gbé bàbá lọ sí orí òkè àdúrà.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Kàbà:
Alàgbà, a kò ní kí wọ́n má gbàdúrà, ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ràn yìí ni ó dá àbúrò mi dúró sílé títí apá rẹ̀ fi gan.

Ọmọ Ìsánlú:
Ìyá, ẹ má bá mi wí, ẹ kò sí nílé wa. Nọ́ọ̀sì, lójijì ni. Oko ni wọ́n ti ṣubú, ẹnu wọn wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún sì rọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé, a jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, a kò rí dókítà, ni a bá gba ilé àdúrà lọ. Ọwọ́ náà sì ti ń gbé nǹkan báyìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti tán láti ìgbà náà.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, rọpárọsẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní stroke ni gbogbo àmì tí ẹ kà yìí ń tọ́ka sí. Oògùn kan wà tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 4 àbọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wọ ara, ìyẹn ti kọjá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó tán ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé rọpárọsẹ̀ lè padà wá. Ẹ má lọ ra èyíkéyìí ní kẹ́míìsì o. Dókítà ni kí ó wọn ẹ̀jẹ̀ náà kí ó tó kọ oògùn.

Bàbá kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ ń gbé lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, òun náà ni ó sì ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ibẹ̀ bá fara gbọgbẹ́, ọ̀rọ̀ yóò ṣòro rí, ọgbọ́n ẹni náà yóò sì wà níbẹ̀. Aphasia ni àwọn dókítà ń pè é. Ní 1861, dókítà Faransé kan, Paul Broca, tọ́jú ọkùnrin kan tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ju "tan" lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí a ń sọ fún un. Orin àti àdúrà tí ènìyàn ti kọ́ sórí láti kékeré kì í sábà sọnù bí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hun jáde bá sọnù, èyí ni bàbá fi ń kọrin tí wọn kò sì lè pe ife. Ti ìyá ọkọ Ìyá Ìbejì yàtọ̀: ìrántí ni ó kọ́kọ́ lọ níbẹ̀. Ti bàbá sì tún yàtọ̀ sí ti ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ ṣùgbọ́n tí kò já geere.

Ẹ kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ omi o. Bí wọ́n bá ń húkọ́, omi lè máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Kàbà:
Bí a ti ṣe fún àbúrò mi nìyí: a pa rédíò, ẹnì kan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn kúkúrú, a sì dúró dè é. Yàgbà nìkan ni kí ẹ máa bá bàbá sọ.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀:
Èyí tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni, kì í ṣe bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má sì gbára lé "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" wọn. Ọ̀kan lè jáde dípò èkejì. Ẹ gbé nǹkan méjì síwájú wọn kí wọ́n nawọ́ sí èyí tí wọ́n fẹ́.

Ọmọ Ìsánlú:
Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" yìí dá mi jí. Wọ́n ń húkọ́, lálaalẹ́ ni. Ohun kan wà tí n kò sọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi mú ẹni tí yóò ra oko kajú wá. Èmi ni mo bi bàbá pé ṣé kí a tà á, wọ́n ní "bẹ́ẹ̀ ni", mo sì di ìka wọn mú tẹ ìwé. A ti gba ìdajì owó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà:
Ha, ọmọ mi! Tún wọn bi lálẹ́ yìí.

Ọmọ Ìsánlú:
Mo bi wọ́n pé ṣé kí a tà á, wọ́n ní "bẹ́ẹ̀ ni". Mo ní ṣé kí a má tà á, wọ́n tún ní "bẹ́ẹ̀ ni", omi sì ti dé ojú wọn. Mo wá gbé àwòrán oko náà nínú fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé owó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ti owó náà padà sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì gbá fóònù mọ́ àyà. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi pé a ó dá owó padà. Ariwo ló ń pa. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la ni èmi àti bàbá yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìlọrin.