Ká fi máìsì ra tíkẹ́ẹ̀tì ni àbí ká sanwó? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn o

Mama Tobi Ijapo:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá wa dá sí i kí èmi àti bàbá Tobi má bàa sọ ọ̀rọ̀ yìí dìjà. Àbúrò mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní London ní April 10, àwa márùn-ún là ń lọ láti Àkúrẹ́: èmi, bàbá wọn, Tobi tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ 9, àti kékeré tó máa pé ọdún méjì ní April 12. A fẹ́ kúrò ní April 3 ká padà ní 18. Iṣẹ́ bàbá wọn máa ń gbé e lọ gbé e bọ̀, ó ti kó 150,000 máìsì jọ (póìntì tí kọ́ḿpìnì bàálù máa ń fún ẹni tó bá ń wọ bàálù wọn) sínú Flying Blue, ètò máìsì Air France àti KLM yẹn. Ó ní ká ná an, èmi ní rárá, ká sanwó ká tọ́jú máìsì de ọjọ́ mìíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì àgbà kan, àlọ àtàbọ̀, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà ni wọ́n pè é. Tá a bá fi máìsì rà á, wọ́n á gba 50,000 máìsì, wọ́n á tún gba 600,000 náírà lé e! Mo ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é?

Broda Alagbaka:
Mama Tobi, kò sí ọ̀fẹ́ kankan níbẹ̀ o. Owó ìjọba, owó ẹ́pọ́ọ̀tì àti èyí tí kọ́ḿpìnì bàálù fúnra wọn fi kún un ló di 600,000 yẹn. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ yọ ọ́ kúrò nínú mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ó ku 900,000, ẹ wá pín in sí 50,000, máìsì kan ń bá yín san náírà 18 nìyẹn. Èmi o, tí ò bá tó 15 mi ò ní fọwọ́ kàn án, tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ màá ná an wéré. Máìsì kì í bímọ bí owó báńkì, ẹ tọ́jú ẹ̀ lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á ní ibi tí 50,000 ń gbé èèyàn dé ti di 70,000, ta lẹ fẹ́ bá ṣẹjọ́? Àléébù ẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá fi máìsì rà kì í mú máìsì tuntun wọlé. Ẹ̀yìn bàbá Tobi ni mo wà, ẹ má bínú ma 😄

Akure ni Peckham:
Ẹ má kàn fi márùn-ún lu 600,000 o. Bàálù tó bá gbéra láti London, ìjọba UK máa ń gba owó kan tí wọ́n ń pè ní APD lórí èrò, àmọ́ ọmọ tí ò tíì pé 16 tó bá jókòó sí economy kì í san án. Flying Blue tún máa ń yọ 25% kúrò nínú máìsì ọmọ ọdún 2 sí 11, 37,500 ni ọmọ 9 yẹn máa ná yín, Tobi ti dàgbà lójú tiwọn. Ẹ tún yẹ Air Peace wò, láti March 2024 ni wọ́n ti ń fò láti Èkó wá sí Gatwick tààrà, máìsì yín ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣá.

Iya Ibeji Oba-Ile:
Ṣé ẹ̀yin ọkùnrin ò rí ọjọ́ ìbí kékeré ni? April 12 ló máa pé méjì, April 18 ni wọ́n fẹ́ padà! Ọmọ orí itan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà ló máa ń san, ọjọ́ tó bá ti pé ọdún méjì ó gbọ́dọ̀ ní síìtì tiẹ̀, kódà kó jẹ́ àbọ̀ nìkan ló kù. Ó ṣe mí rí. Iwájú káńtà ni wọ́n ti sọ fún mi pé kí n lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un lójú ẹsẹ̀, ẹrù wà nílẹ̀, ọmọ ń ké, ọkọ mi ò gbé fóònù, owó tí wọ́n pè lọ́jọ́ yẹn mi ò ní sọ ọ́ níbí. Ẹ padà ní 11. Wọ́n ti ṣègbéyàwó tán, kí lẹ tún ń dúró jẹ?

Tisa FUTA:
Òótọ́ ni ìyá ìbejì sọ. Ìmọ̀ràn tèmi: kí bàbá wọn àti àwọn ọmọ méjèèjì lo máìsì, 50,000 méjì àti 37,500, ìyẹn 137,500, kí ẹ̀yin àti kékeré san owó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá wà lórí búkìn (àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) láìsí àgbà. Tẹ́ ẹ bá rà á tán ẹ pè wọ́n kí wọ́n so búkìn méjèèjì pọ̀. Àmọ́ físà ṣáájú o!

Broda Alagbaka:
Tí bàálù bá wá yẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n sì gbé àwọn kan lọ lónìí, àwọn tó kù di ọ̀la? Èmi ò ní pín ẹbí mi sí méjì.

Tisa FUTA:
Bọ̀dá, máìsì ò tó gbogbo wọn, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Mama Tobi, ẹ tún lọ sùn ní Èkó ọjọ́ kan ṣáájú. Mo gbé bàálù Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò mi, ó dúró dúró kò gbéra, tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun mi sì lọ bẹ́ẹ̀ torí búkìn ọ̀tọ̀ ni.

Mama Tobi Ijapo:
Ẹ ṣé gan-an ni, mi ò ronú kan ọjọ́ ìbí yẹn rárá. A ti mú 11, bàbá wọn ń rẹ́rìn-ín pé òun ló borí, mo ní kò borí, tíkẹ́ẹ̀tì tèmi owó la máa san. Físà la ń lé báyìí. Ẹni tó bá gba Ọ̀rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni gósíló ibẹ̀?