Sáfà mẹ́ta dá Ansible lóhùn, mẹ́ta kọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sáfà (server) mẹ́fà ni mò ń bójú tó, Debian 12 (irú Linux kan) ló wà lórí gbogbo wọn, òun náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ orí wọn tẹ́lẹ̀: màá wọ ọ̀kan, màá tún un ṣe, màá jáde, ó di orí èkejì. Lọ́jọ́ kan mo fo ìkarùn-ún láìmọ̀, ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí n tó rí i. Ìgbà yẹn ni mo pinnu láti kọ́ Ansible, ohun èlò tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ọ̀pọ̀ sáfà láti orí kọ̀ǹpútà kan.

Mo lo pip, tí wọ́n fi ń gbé ètò Python wọlé, mo tẹ `pip install ansible`, ó kọ̀, ó ní "externally-managed-environment". Ẹnì kan ní kí n fi `--break-system-packages` kún un, àmọ́ orúkọ yẹn bà mí lẹ́rù, mo bá lo `apt`, tí Debian fúnra rẹ̀ fi ń gbé ètò wọlé. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo kọ àwọn sáfà sínú fáìlì kan, mo wá tẹ:

`ansible all -i hosts.ini -m ping`

Mẹ́ta ní "pong". Mẹ́ta yòókù ní "UNREACHABLE", pẹ̀lú "Permission denied (publickey,password)". Bẹ́ẹ̀, tí mo bá fi ping lásán kàn wọ́n, gbogbo wọn ló ń dáhùn! Ṣé ó yẹ kí n kọ́kọ́ gbé nǹkan kan sórí wọn ni?

Ẹni kìíní:
Rárá o, ẹ má gbé ohunkóhun lọ síbẹ̀. SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ ẹ̀rọ mìíràn láti òkèèrè) ni Ansible ń gbà wọlé, Python (èdè tí a fi ń kọ ètò) tó wà lórí sáfà ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ping tó rú yín lójú yẹn, orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ping lásán ń béèrè bóyá ẹ̀rọ náà wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ti Ansible máa ń wọlé pátápátá, á rí i pé Python ń ṣiṣẹ́, kó tó sọ pé "pong". Ẹ tún wo ohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn: sáfà ń sọ fún yín pé kọ́kọ́rọ́ tàbí páswọ́ọ̀dù ni òun ń gbà, ẹ kò sì mú èyí tó tọ́ wá. Orúkọ wo lẹ fi ń wọ àwọn mẹ́ta yẹn?

Ẹni kejì:
Ẹ ṣeun tí ẹ sá fún `--break-system-packages`. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nílò Python yẹn, tí pip bá da àwọn fáìlì rẹ̀ rú, ó lè ba iṣẹ́ mìíràn jẹ́. Ti `apt` dára, ansible-core 2.14 lẹ máa rí níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ tuntun lọ́jọ́ iwájú, `pipx install --include-deps ansible` ni kí ẹ lò. Àmọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kàn án báyìí.

Olùbéèrè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú un! Root (orúkọ tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ) ni mo fi ń wọ mẹ́ta àkọ́kọ́, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Admin ni mo fi ń wọ àwọn tó kù, páswọ́ọ̀dù ni mo máa ń tẹ̀.

Ẹni kìíní:
Ẹ lo `ssh-copy-id`, tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ yín lọ sórí sáfà, fún admin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn náà, nínú hosts.ini, ẹ kọ `ansible_user=admin` sẹ́yìn orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yẹn, lórí ìlà kan náà, kí ẹ sì kọ `ansible_user=root` sẹ́yìn orúkọ àwọn tó kù bákan náà.

Ẹni kẹta:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ playbook (fáìlì tó to iṣẹ́ tí Ansible máa ṣe) àkọ́kọ́, ẹ fetí sí mi. Mo ti yí ètò SSH padà lórí gbogbo sáfà mi lẹ́ẹ̀kan náà rí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo ṣì kọ. SSH kò dìde mọ́ níbì kankan, ìlẹ̀kùn sì tì mọ́ mi síta. Sáfà márùn-ún ni Ansible ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ kò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kì í dúró de yín.

Ẹ fi `--check --diff`, tó ń fi ohun tó máa yí padà hàn láìṣe é, wò ó ná, ẹ fi `--limit` dè é mọ́ sáfà kan, ẹ sì kọ `serial: 1` sínú playbook, kó lè máa mú sáfà lọ́kọ̀ọ̀kan. `--check` kì í rí gbogbo nǹkan, torí ó máa ń fo `shell` àti `command`, tó ń tẹ àṣẹ tààrà sórí sáfà, kọjá. Tó bá jẹ́ fáìlì SSH lẹ fẹ́ kàn, ẹ má yọ ìlà yìí sílẹ̀ láé:

`validate: /usr/sbin/sshd -t -f %s`

Tí fáìlì tuntun bá ní àṣìṣe, Ansible ò ní fi rọ́pò ti àtijọ́.

Olùbéèrè:
Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ní "pong"! Inú mi dùn gan-an ni. Mo kọ playbook kékeré tó ń gbé chrony (ètò tó ń mú aago ẹ̀rọ tọ̀nà) wọlé. Àwọn mẹ́ta ti root ṣe é, ti admin ní "Missing sudo password" (sudo ni admin fi ń gba àṣẹ root). Mo fi `-K`, tó ń béèrè páswọ́ọ̀dù sudo, kún un, ọ̀kan gbà, méjì ní "Incorrect sudo password". Nígbà tí mo tún un ṣe, àwọn tó ti gbà ní changed=0. Ṣé nǹkan bàjẹ́ ni?

Ẹni kìíní:
Kò bàjẹ́. Chrony ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ tún ṣe. Ohun tí a ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹni kejì:
Ní ti `-K`, páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń gbà, òun ló sì ń lò fún gbogbo wọn. Tiyín yàtọ̀ síra. Ẹ kọ `ansible_become_password` ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì tirẹ̀ nínú host_vars (fódà tí Ansible ti ń ka ètò sáfà kọ̀ọ̀kan), kí ẹ sì fi `ansible-vault encrypt` tì í pa kí fáìlì náà tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín.