Bíà mi fò jáde nínú ìgò lójú ẹgbẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Abẹ̀rẹ̀ Pọntí
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín títí ẹ ó fi kà á tán.

Ọdún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, èmi àtìyàwó mi la mu ún, a ò kú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá dà bíi pé ó dára, ni mo bá to ìgò 12 sínú páálí, ó di ìpàdé ẹgbẹ́ àwa tí à ń pọn bíà nílé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ọwọ́ òfìfo ni mo gbé dé ibẹ̀, ti àwọn ẹlòmíì ni mo mu. Ojú ń tì mí, mo fẹ́ san án padà.

Ìgò àkọ́kọ́ tí mo ṣí tú jáde bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń paná. Ìfófòó bo tábìlì, ó ń kán sí bàtà alága. Èyí tó kù nínú ìgò ò tó ìlàjì ife. Ìkejì ò hó rárá, ó ṣe pẹ́lẹ́ bí omi ìkòkò. Ìkẹta hó dáadáa, inú mi ti ń dùn, àfi bí màmá kan ṣe gbé e símú tí wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tó ń rùn bíi bándéèjì?" Kò sẹ́ni tó bú mi. Ṣùgbọ́n mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń lọ da tiwọn nù, tí wọ́n ń padà wá rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo délé, ìgò kan ti bẹ́ nínú yàrá ìkẹ́rù. Àfọ́kù rẹ̀ gún páálí yọ sí òdìkejì. Ìgò 25 ló kù níbẹ̀ báyìí.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí: 20 lítà ni. Hydrometer, ohun tí a fi ń mọ bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ka 1.048 kí n tó da ìwúkàrà sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, omi inú airlock, ìdérí olómi tí gáàsì ń gbà jáde lẹ́nu korobá, ò ta mọ́, mo ní ó ti parí nìyẹn, mo bá rọ ọ́ sígò. Ṣíbí ni mo fi bu ṣúgà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Bílíìṣì ni mo fi fọ àwọn ìgò náà, mo fi omi ẹ̀rọ ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló fà á? Ṣé 25 yẹn ṣì wúlò? Ìpàdé míì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ṣé kí n gbé nǹkan dání ni, àbí kí n ní ara mi ò yá?

Arẹ́rìn-ín
Mo kà á tán kí n tó rẹ́rìn-ín o. Bàtà alága ti gbẹ ṣá?

Sùúrù Lérè
Ẹ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Àbúrò, má fọwọ́ kan ìgò 25 yẹn bẹ́ẹ̀. Ìgò tí ìkan ti bẹ́ láàárín wọn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Fi aṣọ tó nípọn bo páálí náà, wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ àti ìbojú, gbé e síbi tó tutù, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá tutù, gáàsì á wọnú omi lọ, ìwúkàrà náà á sùn. Lẹ́yìn náà ni kó o máa fi tówẹ́ẹ̀lì wé wọn níkọ̀ọ̀kan, kó o rọra gbé ìdérí sókè díẹ̀, jẹ́ kó mí, kó o tó ṣí i pátápátá. Má ṣe é lójú ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n Tẹmómítà
Airlock kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ìdérí korobá bá jò díẹ̀, kò ní ta. Bí yàrá bá tutù lóru, á dákẹ́. Bó bá sì gbóná lójijì, á tún ta, nígbà tí ìwúkàrà ti parí iṣẹ́ tipẹ́. Hydrometer nìkan ló mọ̀. Wọ̀n ọ́n lónìí, wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, rọ ọ́ sígò. Bí ò bá bára mu, lọ wá nǹkan míì ṣe.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Bí ìwúkàrà ṣe ń jẹ ṣúgà ló ń tu gáàsì, tí nọ́ńbà hydrometer sì ń já sílẹ̀. Bíà tó dúró dáadáa ń gbé gáàsì tó bí ìlọ́po méjì àbọ̀ àyè tí òun fúnra rẹ̀ gbà. Nọ́ńbà kan péré tó bá tún já sílẹ̀ lórí hydrometer nínú ìgò, láti 1.011 sí 1.010, á fi bí ìdajì ìlọ́po kan kún un. Ká ní 1.015 ló wà lọ́jọ́ tó o rọ ọ́, tó sì já sí 1.009, ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn, ká tó fi ti ṣúgà tó o bù sí i kún un. Ìgò wo ló fẹ́ gba ìyẹn?

Ṣíbí náà tún dá kún un. Ìkan kún, ìkan ò kún, ìkan dà sílẹ̀ lẹ́nu ìgò. Wọn ṣúgà lórí ìwọ̀n, bíi 120 sí 130 gíráàmù fún 20 lítà, sè é nínú omi díẹ̀, dà á sí ìsàlẹ̀ korobá mímọ́, kó o wá fi rọ́bà fa bíà lé e lórí. Kí ẹnu rọ́bà wà nínú omi o, má jẹ́ kó máa ta sókè. Bíà tó bá ti gba afẹ́fẹ́ lásìkò yẹn á máa dùn bíi páálí tútù tó bá yá.

Màmá Họ́ọ̀pù
Ti bándéèjì, èmi mọ̀ ọ́n. Kílórìn ni. Ó pàdé ohun tó wà nínú malt, ọkà tí a mú hù tí a sì sá gbẹ, àti ìwúkàrà, wọ́n sì di òórùn ilé ìwòsàn. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni ahọ́n ti ń mọ̀ ọ́n. O fi bílíìṣì fọ ìgò, o ṣàn án lẹ́ẹ̀kan péré, omi ẹ̀rọ náà sì lè ní kílórìn tiẹ̀. Kì í lọ, ọmọ mi. Bó o gbé e pa mọ́ ọdún kan, bándéèjì ọlọ́dún kan lo máa mu.

Sísè lè lé kílórìn lásán lọ, ṣùgbọ́n kì í lé chloramine, kílórìn tí wọ́n pò mọ́ amóníà, tí àwọn ilé iṣẹ́ omi míì ń lò. Tábúlẹ́ẹ̀tì Campden ló ń pa méjèèjì; ìdámẹ́rin ẹyọ kan tó fún 20 lítà. Lọ̀ ọ́, pò ó mọ́ omi kó o tó da malt sí i.

Ọmọ Akọ̀wé
Ẹ má bínú, mi ò tíì gbà. Kó máa tú, kó tún máa rùn bí oògùn, ìwúkàrà ìgbẹ́, èyí tó wọlé fúnra rẹ̀ tí a ò dà á sí i, náà máa ń ṣe méjèèjì. Òun ló dààmú ilé iṣẹ́ bíà Carlsberg ní Copenhagen, kí Emil Christian Hansen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn, tó ya ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní 1883. Bó bá jẹ́ òun ni, korobá àti rọ́bà rẹ ló yẹ kó o jù nù, kì í ṣe bíà nìkan.

Ẹ̀gbọ́n Tẹmómítà
Òótọ́ ni. Kó wọ̀n ọ́n wò. Ìwúkàrà ìgbẹ́ máa ń jẹ kọjá ibi tí tiwa ń dúró, á wọ́ ọ lọ sí 1.002 tàbí kó tún lọ sílẹ̀ sí i. Abẹ̀rẹ̀, wọn èyí tó ń tú àti èyí tí ò hó. Kọ́kọ́ máa dà á láti ife dé ife títí gáàsì á fi lọ, torí èémí rẹ̀ máa ń gbé hydrometer sókè.

Abẹ̀rẹ̀ Pọntí
Mo ti dé. Gbogbo rẹ̀ ti tutù, kò sí èyí tó tún bẹ́. Mo wọn mẹ́rin, méjì tó tú àti méjì tí ò hó: 1.009 ni gbogbo wọn. Mo tún wo ìdérí àwọn méjì tí ò hó, ọwọ́ ni mo fi yí i. Mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Ọmọ Akọ̀wé
Mo gba kámú. Má ju rọ́bà rẹ nù.

Ẹ̀gbọ́n Tẹmómítà
1.009 láti 1.048, ìwúkàrà rẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọtí inú rẹ̀ á tó 5.1%. Ìwọ lo yára. Àwọn tí ò hó, wọ́n hó, gáàsì ló gba abẹ́ ìdérí sá lọ.

Sùúrù Lérè
Dà á nù. Má gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Màmá Họ́ọ̀pù
Kó da 23 nù, kó mú méjì lọ. Kó ṣí wọn nílé, kó rọ wọ́n sínú ìgò oníke, kó bàa má bẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lára. Kó gbé e síwájú wọn, kó ní, "Bándéèjì rèé, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n." Mélòó nínú wọn ló ti gbóòórùn rẹ̀ rí tí wọ́n mọ orúkọ ẹ̀? Àwọn tó ń dìde lọ dà á nù láìsọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ló ṣẹ̀ ẹ́, ìwọ kọ́. Èmi ì bá sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀.

Abẹ̀rẹ̀ Pọntí
Màmá, àbí ẹ̀yin lẹ gbé e símú lọ́jọ́ náà ni?

Màmá Họ́ọ̀pù
Mi ò dáhùn.

Abẹ̀rẹ̀ Pọntí
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti da 23 nù, mo mú méjì sílẹ̀ bí Màmá ṣe wí. Mo ti pọn òmíràn: ọjọ́ kọkànlá 1.010, ọjọ́ kẹrìnlá 1.010. Ṣúgà 125 gíráàmù, lórí ìwọ̀n. Oògùn tí kì í ṣe bílíìṣì ni mo fi fọ ìgò. Mo sì rọ ìkan sínú ìgò oníke kí n lè máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Arẹ́rìn-ín
Oníke yẹn ńkọ́?

Abẹ̀rẹ̀ Pọntí
Lánàá ó ṣì ń rọ̀. Láàárọ̀ yìí, ó ti le bí òkúta. Mo ti gbé e sí fíríìjì.