Báwo ni mo ṣe lè fi ọ̀dà márùn-ún rí àwọ̀ ara fún ère ogun kéékèèké?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kun ère kéékèèké tí a fi ń ta ayò ogun lórí tábìlì. Ní Kubwa, l'Ábùjá níbí, ọ̀dà akirílíìkì márùn-ún péré ni mo ní: funfun, dúdú, pupa, búlúù àti yẹ́lò. Mo ń po pupa, yẹ́lò àti búlúù díẹ̀ pọ̀ fún ara àwọn ọmọ ogun mi, tí gíga wọn jẹ́ mílímítà 28, ṣùgbọ́n bí mo bá fi dúdú kún un fún òjìji abẹ́ imú, ṣe ni àwọ̀ náà ń ṣá bí eérú. Ṣé kí n fi búlúù rọ́pò dúdú ni? Ọyẹ́ tún ń gbẹ ọ̀dà lórí àwo kí n tó kun ojú kan tán. Ẹ jọ̀wọ́, ìwọ̀n wo ni ẹ ń lò, kí sì ni ẹ ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀dà kí ó má baà tètè gbẹ?