Ṣé ìràwé ń jẹrà ni, àbí ikán ló ń jẹ ẹ́ dilẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i láti Kubwa níhìn-ín, lÁbùjá. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa tó ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló béèrè orúkọ fún ewé tó wọ́ bo ilẹ̀ igbó kìjikìji, àti fún ohun tí ikán ń fi ewé náà ṣe tó fi ń di ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́kọ́ja ní kó lo "pàǹtí ewé" àti "ìjẹrà".

Lórí pàǹtí, mi ò ní pẹ́. Ohun tí a gbá dànù ni pàǹtí. Ta ló ń gbálẹ̀ igbó? Ìràwé wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Àwọn tó ní ìràwé kì í dájọ́ ilẹ̀ kó sùn sókè kò dúró de ìwé sáyẹ́ǹsì. (Ẹni tó pe ikán ní "èèrà funfun", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́. Aáyán ni ikán bá tan; èèrà, ọ̀tá rẹ̀ ni.)

"Ìjẹrà" ni ẹjọ́ wà. Ohun tó bá jẹrà, omi ń bẹ nínú ẹ̀, òórùn sì ń bẹ lára ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹrà, tòmátì ń jẹrà, ẹran inú fíríìjì tó kú ń jẹrà. Ní Sátidé tó kọjá, nínú ọyẹ́ tó ti la ètè gbogbo wa yìí, mo fi igi ṣí ìràwé abẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa. Ewé òkè gbẹ bí ìwé. Lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ tínínrín ti bo ewé bí ìgbà tí wọ́n rẹ́ ògiri. Mo fi èékánná họ ọ́, ikán tú síta, wọ́n ń wá òkùnkùn kiri. Ewé tí wọ́n ń jẹ ti di egungun, iṣan rẹ̀ nìkan ló kù. Mo gbé e sí imú: òórùn erùpẹ̀ lásán. Màígàádì wa ní "gara" (ikán lédè Hausa) nìyẹn, kí n tètè da kẹrosíìnì sí i kó tó dé ara ilẹ̀kùn.

Kí ló wá jẹrà níbẹ̀?

Olú wẹ́wẹ́ àti kòkòrò àìfojúrí nílò omi kí wọ́n tó lè mú ewé rà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, iṣẹ́ wọn a falẹ̀. Ikán kì í dúró de òjò. Abẹ́ amọ̀ ló ń rìn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló sì ti ń rí ọ̀rinrin. Ní Borneo, lápá ti Malaysia, àwọn onímọ̀ dín ikán kù ní apá kan igbó, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà, ni ọ̀dá 2015 sí 2016 bá bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2019 ni pé ibi tí ikán pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ìràwé ti yára tán, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rinrin ilẹ̀ ti pọ̀ jù.

Mo wá dá orúkọ méjì: ìràdilẹ̀ fún ti omi àti olú, ìjẹdilẹ̀ fún ti ikán, ekòló àti ọ̀kùn, tí wọ́n ń fi ẹnu ṣe. "Ìdilẹ̀" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi kó méjèèjì pọ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín: "Ṣé ewé ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni?" Mo túúbá. Ìsọdilẹ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Ìyá wa olùkọ́ ní Ìlọrin ní ikán inú ọ̀gán ńkọ́? Ìbéèrè yẹn gún mi. Àwọn ikán ńlá tó ń mọ ọ̀gán nílẹ̀ wa, inú wọn nìkan kò lè mú igi àti ewé dà. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á yà á, wọ́n á kó o jọ, olú á hù nínú rẹ̀, á sọ ibi líle di rírọ̀, wọ́n á tún padà wá jẹ ẹ́. Olú yẹn náà ló ń yọrí lójò tí à ń sè jẹ. Jẹ, rà, jẹ. Ààlà tí mo fà kò dúró nínú ọ̀gán, mo gbà fún wọn. Síbẹ̀, ìjẹdilẹ̀ ni mo máa fún ọmọdé: ẹnu ikán ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà ló parí rẹ̀.

Àbúrò, má sì kọ ọ́ bí ẹni pé bákan náà ni níbi gbogbo. Ní Mokwa, ìpínlẹ̀ Niger, tó jẹ́ ọ̀dàn, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ ní 1981 fi hàn pé igi tó wó ni ikán ibẹ̀ ń jẹ jù. Iná ọ̀ẹ̀rùn ló ń gba èyí tó pọ̀ nínú ìràwé, eérú ni tìyẹn sì ń dà.

Ó ku ohun oníhò tí ikán ń gbin olú sí. Afárá olú ni mo ń pè é, bíi ti oyin, àmọ́ afárá orí odò lọmọ Àbújá máa rò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wú ọ̀gán rí, kí lẹ̀ ń pè é nílé yín?