Fóònù mẹ́ta lórí káúńtà, oníbàárà ṣì ń pè mí tì

Ìyá Olóògùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù oògùn méjì ni mo ní n'Íbàdàn, ọ̀kan ní Bódìjà, èkejì ní Challenge. Nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń lò. Bí oníbàárà bá pe èyí tá a ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lọ́wọ́, kò ní wọlé, á sì gba ibòmíràn lọ. Lóṣù tó kọjá, ọmọ tó ń bá mi tajà fiṣẹ́ sílẹ̀, nọ́ńbà táwọn èèyàn mọ̀ jù sì bá a lọ, torí orúkọ ẹ̀ ni síìmù wà. Ó dùn mí wọra. Ẹnì kan ní kí n ra PBX, ẹlòmíràn ní kí n lo fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èwo ni kí n ṣe?

Oníwáyà: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. PBX ni àpótí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tó ń fi wáyà so fóònù inú ilé pọ̀. Yàrá kan á máa pe èkejì láìná kọ́bọ̀, bí íntánẹ́ẹ̀tì ò tiẹ̀ sí. Ó bá hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn mu. Ṣùgbọ́n wáyà NITEL (iléeṣẹ́ fóònù ìjọba àtijọ́) tó ń gbé ìpè ìta wọ inú ẹ̀ láyé ọjọ́un ti kú. Ẹ ó tún ra ẹ̀rọ tó ń gba síìmù mọ́ ọn. Fún ṣọ́ọ̀bù méjì tó jìnnà síra, mi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́rù: Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lèmi ń lò. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, á sì dún lọ́wọ́ èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ẹni tó pè á gbọ́ “tẹ 1 fún Bódìjà, tẹ 2 fún Challenge.” Ìpè kan ò jẹ dátà púpọ̀, nǹkan bí 100 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má máa já ló ṣe pàtàkì. Ẹ gbé router, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, sórí inverter o! Bíná bá lọ láìsí ìyẹn, ẹ ti di odi.

Ìyá Ìbejì: WhatsApp Business náà ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè so ẹ̀rọ mẹ́rin mọ́ nọ́ńbà kan.

Ìyá Olóògùn: Mo ní in, mà. Àwọn bàbá tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi ò kì í tẹ mẹ́sééjì, pípè ni wọ́n ń pè.

Oníwáyà: Kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ tẹ \*\*67\*, ẹ kọ nọ́ńbà kejì, kẹ́ ẹ fi # parí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá pè é bí ẹni ń pe fóònù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá gbà á, ìpè tó bá bá ti àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ á yà sí ìkejì. Ẹ̀yin lẹ máa san owó ìyàsí yẹn o. Ẹ wá bẹ ọmọ yẹn kó bá yín dé ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí síìmù padà sórúkọ yín.

Ìyá Olóògùn: Ẹ ṣé gan-an, sà. Màá pè é lálẹ́ yìí.